Yẹtí Àǹtí Ìbíyẹmí

Ìwọ tó ń kà á, má fọ wúrà tí wọn ò fún ọ.

Mojírọ́lá ló wẹ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Ìbíyẹmí. Olóògbé ní kí wọ́n fi yẹtí wúrà òun sin òun. Mojírọ́lá tọ́jú u pamọ́, ó purọ́ fún ẹbí pé òun ti fi í sí i létí.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ yẹtí náà nínú omi ọṣẹ. Omi tutù, ṣùgbọ́n yẹtí lọ́ wọ́ọ́rọ́, àfi bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò létí èèyàn. Ẹ̀rù bà á, ló bá tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn.

"Rọra o, Mojí," ẹnìkan sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Etí ń dùn mí."

Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sáré wọlé.

"Ta lò ń kúnlẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yìn yín ló dúró sí báyìí. Ẹ má bi mí mọ́."