Kéèkì tó ń lọ sí Ìjánìkin

Ọdún 1987. Ilé ìwé wọn lẹ́yìn Ìyànà Ìbà kò ní ófùnù. Inú ìkòkò irin tí wọ́n da yanrìn sí ni ẹgbẹ́ Home Economics ti ń yan kéèkì.

Ìbídùn, olórí ẹgbẹ́, ṣí ìdérí.

Ìkòkò jó o lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ó wú! Ẹ wá wò ó!" Rebecca ń fò sókè. Kéèkì ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ máa ṣe rèé. Bàbá onílọ́rì kan ní Ìjánìkin ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́.

"Bàbá yẹn mà dàgbà ju bàbá mi lọ," Rebecca ní. "Ta ló fẹ́ fẹ́ ẹ? Ojú ń kán an ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn ń po áísìn, ṣúgà tí wọ́n fi ń kọ̀wé sórí kéèkì.

Mísíìsì Gbádégẹṣin, tíṣà wọn, wọlé.

"Ìbídùn, ìwọ lo máa gbé e lọ ní Sátidé. Ọwọ́ ẹ kì í gbọ̀n."

"Yẹ́ẹ̀sì, mà."

"Wọn ò tíì sọ orúkọ ìyàwó fún mi o. Ẹ fi àyè ẹ̀ sílẹ̀."

Ìbídùn ò fi àyè kankan sílẹ̀. Ó rọra ń tẹ áísìn jáde, ó ń kọ orúkọ kan tónítóní, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Rebecca kà á, ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Orúkọ ara ẹ lo kọ yẹn!"

Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín.

"Mà, Rebecca ni kó gbé e lọ," ó ní. "Iwájú èmi àti bàbá yẹn ni kó gbé e kalẹ̀ sí."