Ọwọ́ Tí Ó Ti Gíláàsì

Iṣẹ́ ẹni méjì ni fífi gíláàsì iwájú ọkọ̀ síbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni ìta á máa tì í, ẹni inú á máa fa okùn tí wọ́n kì sí ara rọ́bà rẹ̀. Bí ẹni ìta bá ti gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ẹni inú á fà.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Múfú wà nínú ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ tí wọ́n ń tún ṣe, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ de dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ tán. Bébà ni wọ́n lẹ̀ bo gíláàsì náà, kò rí ìta níbi tí Ọ̀gá Sùbérù wà.

Pá, pá. Ó fà á.

Pá, pá. Gíláàsì ń wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Sùbérù, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sọ nǹkan kan.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí o?"

Pá, pá.

Ara Múfú kò lélẹ̀ mọ́. Ó fa okùn tó kù yọ kíá.

Ohùn Ọ̀gá Sùbérù dún láti ẹnu géètì lọ́hùn-ún: "Múfú, má tíì fà á o! Omi ọṣẹ ni mo lọ bù."

Orí Múfú wú. Ọwọ́ náà tún gbá nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ara gíláàsì ló ti dún mọ́. Abẹ́ dáṣíbọọ̀dù ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀.