Òdiwọ̀n Àyè Jẹ́jẹ́

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá tí iléeṣẹ́ náà ń kó fáìlì pamọ́ sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí àyè gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹrù ẹnikẹ́ni má lè kọjá rẹ̀, kí wọ́n tó ṣíwọ́. "Gbogbo wọn o, Mọ́mì," ó ní, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Mọ́mì ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, kó tó di pé gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Inú ẹ̀rọ náà pín sí yàrá yàrá bí ilé ayálégbé, olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀. Àmọ́ ìta, lọ́dọ̀ onílé, ìyẹn ojú ẹ̀rọ ńlá náà fúnra rẹ̀, ni wọ́n ti ń fi òdiwọ̀n sí i. Nígbà tó yá, ó ku ẹni tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́. Òun nìkan ti gba ìdajì ilé. Mọ́mì wọ inú yàrá rẹ̀, ó tẹ àṣẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ìta la ti ń ṣe é, mà," ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ wí láti orí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Ta tiẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ yìí? Ojoojúmọ́ lẹrù ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Orúkọ ẹ̀ ni Jẹ́jẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ò jẹ́jẹ́ rárá."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kì í ṣe ẹjọ́ tiẹ̀."

"Àwọn tó kù ti wá bá wa jà tán. Òun nìkan ni ò fèsì ìkìlọ̀ tá a fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ á múra dè é lọ́la."

"Kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà."

Ọkàn Mọ́mì bàjẹ́. Ó bọ́ síta, sọ́dọ̀ onílé, ó sì fi òdiwọ̀n sí yàrá Jẹ́jẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé fóònù síwájú ojú, ó ń ya fídíò bó ṣe máa ń ṣe.

"A ti ṣe tán lónìí. Àbúrò rẹ yege ìdánwò, ó ní kí n sọ fún ọ. Wo bàtà tí mo rà, ó ń ha mí lẹ́sẹ̀."

Ó fi ránṣẹ́.

Fóònù dá a lóhùn pé àyè Jẹ́jẹ́ ti kún, kò lè gba ohunkóhun mọ́, Mọ́mì ò sì mọ ibòmíràn tó tún ti lè máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ tó máa ń jókòó lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn kí wọ́n tó sin ín.