Omi Lásán Di Pupa

Ilé àyẹ̀wò oúnjẹ kan ní Kasama ni Chansa ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn kan fi munkoyo, ohun mímu kan tí Bana Kapembwa ń tà lẹ́nu ọ̀nà wọn ránṣẹ́ sí i, iṣẹ́ kékeré ló kà á sí. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń rà á jù, torí obìnrin náà ti fi dá wọn lójú pé òun kì í fi nǹkan dídùn sí i: àgbàdo, egbò igi àti omi, kó sì kan dáadáa. Tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tán láàárín àwọn tó ń tà á níbẹ̀. Síbẹ̀, ṣúgà ara wọn ń ròkè sí i.

Chansa mú oògùn àyẹ̀wò jáde nínú fíríìjì, ó kán munkoyo náà sí i. Bí kò bá sí ṣúgà níbẹ̀, oògùn náà kì í yí àwọ̀ padà. Ó di pupa fòò. Chansa kọ èsì náà, ó da munkoyo tó kù nù, ó sáré lọ wọkọ̀.

Ilé ìwòsàn pe Bana Kapembwa, Chansa ka èsì náà sí i létí, wọ́n sì ní kó má tajà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé yóò figbe ta, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ó ti pa ẹnì kankan ni?" ó béèrè.

"Rárá, Màmá," Chansa dá a lóhùn.

Obìnrin náà palẹ̀ ìkòkò rẹ̀ mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí i, Chansa kán omi lásán sínú oògùn kan náà. Omi lásán di pupa.

"Ó ti bàjẹ́," ni Sinkala, ọ̀gá rẹ̀, wí. "Iná tí wọ́n mú lọ lọ́sẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ṣé o ò kọ́kọ́ fi omi dán an wò kó o tó yẹ ti obìnrin yẹn ni?"

"Mo ń kánjú, sà."

"Ṣé ó ṣẹ́kù nínú munkoyo ẹ̀?"

"Mo ti dà á nù."

Sinkala mí kanlẹ̀. "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Chansa gbìyànjú láti dákẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Bana Kapembwa ti fi ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí àìlówó, ó wọkọ̀ lọ sí abúlé wọn. Ó bá ìyá náà nínú oko ẹ̀gẹ́, ó kúnlẹ̀ sórí ebè.

"Ẹ foríjì mí, Màmá. Oògùn mi ló bàjẹ́. Mo kàn bà yín lórúkọ jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká jọ padà lọ, mo máa sọ ọ́ fún wọn lójú yín, kẹ́ ẹ lè gba àyè yín padà."

Bana Kapembwa fi ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ eléèpẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Má mú mi padà síbẹ̀, ọmọ mi," ó ní, "torí láràárọ̀ ni mo ń bu gúlúkóòsì sínú munkoyo náà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa dá mi dúró."