Alángbá Ìdí Igi Ìdáná

Ọjọ́ tí Ìyá Sarpi tún rí tẹ́ńpè, ẹ̀wà sóyà díndín, nínú àwo rẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó họ apá òsì, ó ní àfi òun jẹ alángbá díndín. Kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Lábúlé wọn yẹn, ní erékùṣù Jáfà, alángbá ni oògùn ara yíyún. Ó nàka sí èyí tó ń yáàrùn lórí òkúta lẹ́yìn ilé ìdáná, kékeré kan tó ní ìlà funfun lẹ́yìn, tí ìrù rẹ̀ rí bí aró.

Lastri, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní òun ti gbọ́. Àmọ́ ojúlùmọ̀ rẹ̀ ni alángbá náà. Òun ló ń jẹ ikán tí ì bá jẹ òpó ilé. Ó tún ti lóyún, ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin. Lastri tó ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ láti ọdún mélòó kan kò lè pa aboyún, ìbáà jẹ́ alángbá.

Níṣojú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kàn fọwọ́ gbá alángbá náà nírù. Ìrù já, ó ń ta nílẹ̀; oníìrù ti wọ abẹ́ igi ìdáná lọ. Ìyá Sarpi ní kò burú, òun á dúró dọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, Lastri mú ọ̀kan nínú ẹja ẹrẹ̀ gígùn bí ejò tí Jumadi, ọkọ rẹ̀, ń pa lóko ìrẹsì. Ẹja yìí kì í dúró sílé. Olóúnjẹ oríta ló ń ra gbogbo rẹ̀. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi ata dín in, ó ní alángbá nìyí. Ìyá jẹ ẹ́ tán, kò béèrè ẹsẹ̀, kò béèrè orí.

"Ṣé ara ti rọ̀ yín, Ìyá?"

Ìyá na apá ọ̀tún. "Apá yìí ti ń fúyẹ́, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n alángbá kan ò lè ṣe é tán."

Bí Lastri ṣe ń dín in lójoojúmọ́ nìyẹn. Lágbègbè wọn, bí wọ́n bá tan èèyàn jẹ, wọ́n á ní wọ́n ti ṣe alángbá fún un. Ó sọ fún Jumadi pé òun ti ṣe alángbá fún ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí. Alángbá yé ẹyin rẹ̀ sábẹ́ igi, ìrù tuntun ń hù bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Lastri ń ṣa igi ìdáná nígbà tó gbọ́ tí Ginem, aládùúgbò wọn, ń bi Ìyá Sarpi lẹ́bàá ọgbà bóyá ara yíyún náà ti lọ.

"Ara yíyún wo?" ni Ìyá Sarpi wí. "Ẹja ẹrẹ̀ ló ń wù mí jẹ, Ginem, bí mo bá sì béèrè, wọ́n á ní ti olóúnjẹ ni. Mo mọ̀ pé ìyàwó wa ò lè pa alángbá yẹn, ni mo bá ṣe alángbá fún un."