Ẹran Inú Àwo Bàbá

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ògiri yàrá ìjẹun, tí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, máa ń ka orúkọ àwọn tó fi oúnjẹ ṣòfò lálẹ́ àná. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ yóò dìde dúró títí gbogbo wa yóò fi jẹun tán. Èmi ni mo gbé òfin náà kalẹ̀ nígbà tí mo di ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ kọ́ ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn.

Láàárọ̀ yìí, orúkọ kan ṣoṣo ni ògiri pè: "Gbádégẹṣin Oyèwùsì. Ẹran, gíráàmù ogójì."

Bàbá mi ni. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti Ìkirè dé. Ó di tábìlì mú, ó dìde lábẹ́ àwòrán àwọn onílé àtijọ́. Àwọn àlejò yòókù tẹjú mọ́ àwo wọn.

Mo sún mọ́ ọn. "Bàbá, ṣebí mo ti ṣàlàyé fún yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣẹ́ ẹran kù?"

"Mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó máa fọ àwo ni."

"Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́."

"Ẹ̀rọ? N ò mọ̀. Ilé ńlá báyìí, mo rò pé ọmọ ẹnì kan á wà ní kíṣìnnì."

Ní Ìkirè, èmi ni mò ń fọ àwo rẹ̀ títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sí ọjọ́ tí mi ò bá ẹran níbẹ̀, mi ò sì pè é ní òfò rí.

Ògiri kì í gbọ́ àlàyé. Bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe é nìyẹn. Mo dúró tì í.

"Lọ jẹun tìẹ," ó ní, "kó má baà ṣòfò."