Ògiri Ilé Ìdáná Libbie Marek

Ta lẹ máa kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù bí ògiri ilé tuntun yín bá lanu kí ọdún kan tó pé? Àwọn tó kọ́ ọ ni. Àwọn náà ni Libbie Marek dì í rù.

Opó ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó ta oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó fi ra ilé kékeré kan ní àdúgbò tuntun létí ìlú Taylor, ní Texas. Ọdún méjì gbáko lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn èèyàn fi ń bá a ṣe gbogbo nǹkan, títí dórí kíkó lẹ́tà wọlé. Lọ́jọ́ tó kó dé ilé tuntun, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti Ervin Hruska, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá òun ṣe iṣẹ́ kankan nílé yìí.

Àwọn akọ́lé fún un ní ìwé ìdúró ọdún kan. Ohun tó bá bàjẹ́ láàárín ọdún náà, àwọn ni wọn yóò tún un ṣe. Àmọ́ ìwé náà ní òfin tirẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ a máa súnkì bó bá gbẹ, a sì máa wú bó bá mumi jù. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ará ibẹ̀ fi ń fún ìpìlẹ̀ ilé lómi lẹ́ẹ̀rùn. Onílé gbọ́dọ̀ fún un lómi yí ká lọ́gbọọgba. Bí òun tàbí ẹbí rẹ̀ bá da omi jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwé ìdúró náà ò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn.

Libbie ò fi èyí ṣeré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, á fa họ́ọ̀sì, rọ́bà tí omi ń gbà jáde, yí ilé ká, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aago lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ní oṣù keje, ògiri ilé ìdáná lanu láti igun fèrèsé dé òkè. Ilẹ̀kùn yàrá ò padé mọ́. Ó pe àwọn akọ́lé. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kó ya fọ́tò. Ó yà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n rán ọkùnrin méjì wá, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, wọ́n lọ. Kí oṣù kan tó kọjá, ó tún lanu, ó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀gá wọn, Kolby Strand, wá fúnra rẹ̀. Ó fi bàtà tẹ ilẹ̀ igun yẹn.

"Mà, ẹ ń da omi jù síbí."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi nípa ilẹ̀ yìí? Mo ti ń dáko lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ."

Kolby ní ohun tí òun rí lòun sọ. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ervin bá àbúrò rẹ̀ bínú sí Kolby. Ní aago méje àárọ̀ ojoojúmọ́ ló máa ń dé pẹ̀lú kolache, búrẹ́dì aládùn kan, gbígbóná nínú bébà, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nítorí ẹrẹ̀, á sì jókòó mu kọfí. Òjò ò tíì rọ̀ láti oṣù karùn-ún. Ó ní ilé dà bíi màlúù, òùngbẹ ló ń pa á, àwọn òpònú yẹn ò mọ̀. Òun ló wá Dwain Teague kàn, ayẹléwò kan tí kò gbowó lọ́wọ́ akọ́lé kankan, òun ló sì pè é. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ni ìwé ìdúró yóò kú.

Teague wọn ilẹ̀ ilé náà yàrá dé yàrá. Omi ti gbé igun ilé ìdáná sókè níwọ̀n ìka kan. Ó yẹ gbogbo páìpù wò, kò sí èyí tó ń jò. Ó wá gba àkọsílẹ̀ mítà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ omi: láago márùn-ún àárọ̀, lójoojúmọ́, omi ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni Libbie máa ń jí. Ó yọjú lójú fèrèsé. Lórí ilẹ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Kolby ń po kọnkéré fún ilé mìíràn. Ìdájí ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ̀rọ omi ìta ilé Libbie sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wọn, nítòsí igun ilé ìdáná. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù keje.

"Omi mi ni wọ́n ń jí pọn."

Teague ní bó bá jẹ́ àwọn ni, dandan ni kí wọ́n tún ilé náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kì í kọ ohun tí ojú òun ò rí. Òun yóò wá jókòó sínú ọkọ̀ ní ìdájí. Libbie ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó má baà tà sí wọn létí.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ lù, Teague kanlẹ̀kùn iwájú. Ervin wà nídìí tábìlì, ó ti àwo kolache sí i, ó ní kó jókòó jẹun. Teague ò jókòó.

"Ṣé o rí wọn?" Libbie bi í.

"Ẹnì kan ni mo rí, mà. Ṣé ẹ fẹ́ kí ó wà nínú ìwé lóòótọ́? Bó bá ti dọ́wọ́ Kolby, kò ṣeé gbà padà."

"Ẹni tó fẹ́ wó ilé lé mi lórí, ṣé kí n máa bò ó ni?"

Teague gbé ìwé náà fún un. Libbie wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà náà, ó sì kà á sókè ketekete kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbọ́: "Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹni tó fa họ́ọ̀sì sí igun ilé ìdáná, tó sì ṣí omi, ni Ervin Hruska."